Àbúrò mi mu omi

Kẹ́ẹ̀gì òróró kan wà nílé wa, oní-lítà mẹ́rin. Òróró ti tán nínú rẹ̀ tipẹ́. Àbúrò mi fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí òórùn òróró fi kúrò, ó wá fi máákà dúdú fa ìlà mẹ́rin sí i lára. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, omi gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ dé ìlà kìíní. Ìlà kejì ni ti ọ̀sán, ìkẹta ni ti ìrọ̀lẹ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ti alẹ́ kó tó sùn. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì ń bá a lọ. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ rí, wọ́n ní ṣé bẹntiróòlù ló ń tà ni.

Ẹ̀jẹ̀ SS ló ní. Fòníkú-fọ̀ladìde, bí àwọn àgbà ṣe ń pè é.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Jánúárì, nígbà tí ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo èèyàn ń bó, ìrora gbé e ní ojúgun. Ó gba ibẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn, ó gba ẹ̀yìn bọ́ sí àyà. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti ki etí aṣọ ìbora bọ ẹnu, ó ń fi eyín rún un. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà ò tíì gbójú kúrò lára ìwé tó ń kọ tó fi sọ pé, "Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ SS yìí, ẹ ò ní mumi. Ẹ ò ní mumi, ẹ ó wá máa yọ wá lẹ́nu lóru."

Mo lanu. Ìyá mi já mi léèékánná lápá. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Má dá wọn lóhùn. Jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ọmọ mi ná." Mo pa ẹnu dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sílé lọ mú aṣọ àti bọ́ọ̀lù ìjẹun. Kẹ́ẹ̀gì náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo gbé e sókè, mo mì í. Kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀.

Apòògùn ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lápá Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo, àwọn oníbàárà mi ń pè mí ní dókítà, mo ti ṣàlàyé títí ó ti sú mi. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ohun tí oògùn ń ṣe nínú ara. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ka fólíìkì àti Paludrine tó ń dènà ibà sínú ọ̀rá fún àbúrò mi, mi ò bi ara mi léèrè rí pé: omi tí gbogbo ayé ń pariwo pé kó máa mu yìí, ibo gan-an ló ń gbà lọ? Òfìfo kẹ́ẹ̀gì yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí. Òun ni mi ò bá sọ fún obìnrin yẹn lóru ọjọ́ náà, ká ní ìyá mi ò ní èékánná.

Ẹni tó bá ti fọ ìgbín rí mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Ẹ da iyọ̀ lé ìgbín lára, kíá ni omi á máa ya jáde lára rẹ̀, á sì máa sún kì. Omi ò ní ọgbọ́n méjì. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ló ń gbà lọ.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, ìyẹn hóró tín-ín-tín tó kún inú ẹ̀jẹ̀, náà ní iyọ̀ tirẹ̀ nínú, àmọ́ kì í ṣe èyí tí a fi ń sebẹ̀. Sódíọ́ọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ìta sẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ sí. Pọtásíọ́ọ̀mù, èyí tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà àti omi àgbọn, ló kún inú. Bí a bá wọn omi inú sẹ́ẹ̀lì, pọtásíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ á tó nǹkan bí 140 mílímóòlù nínú lítà kan. Ti omi ẹ̀jẹ̀ tó wà níta kì í sábà ju 5 lọ. Kí ìyàtọ̀ yìí má baà parẹ́, ẹ̀rọ kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru: á ti sódíọ́ọ̀mù mẹ́ta síta, á fa pọtásíọ́ọ̀mù méjì wọlé, á tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, pọtásíọ́ọ̀mù ló ń di omi mú sínú sẹ́ẹ̀lì. Bí òun bá rí ọ̀nà jáde, omi á tẹ̀ lé e bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀nà sì wà. Ilẹ̀kùn ni mò ń pè é nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Ìwé pè é ní ion channel, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ni: ihò kékeré kan lára sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣí, tó ń tì. Nínú ara èèyàn, jíìnì, ìyẹn ìwé àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń ṣe ilẹ̀kùn pọtásíọ́ọ̀mù nìkan lé ní 70. Ó wà nínú ọkàn, ó wà nínú ọpọlọ, ó wà nínú etí, ó wà nínú kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ àìsàn tí a mọ̀ lórúkọ míì, ilẹ̀kùn kan tó kọ̀ tí kò ṣí, tàbí tó ṣí tí kò tì mọ́, ló wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ìtàn ilẹ̀kùn yìí dùn mọ́ mi jù. Sódíọ́ọ̀mù kéré ju pọtásíọ́ọ̀mù lọ. Ibi tí àgbà bá gbà kọjá, ṣebí ó yẹ kí ọmọdé ráyè gbà á. Rárá o. Nínú 10,000 pọtásíọ́ọ̀mù tó bá gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, agbára káká ni sódíọ́ọ̀mù kan á fi yọ́ kọjá. Roderick MacKinnon, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló fi ìdí rẹ̀ hàn lọ́dún 1998, nígbà tí wọ́n ya àwòrán irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lára kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2003. Ohun tí wọ́n rí ni pé àti pọtásíọ́ọ̀mù àti sódíọ́ọ̀mù ló wọ agbádá omi. Ẹnu ọ̀nà náà há. Ẹni tó bá máa kọjá gbọ́dọ̀ bọ́ agbádá. Pọtásíọ́ọ̀mù á bọ́ tirẹ̀ láìjanpata, torí ògiri ọ̀nà náà gbà á mọ́ra rẹ́gí bí agbádá ṣe gbà á. Sódíọ́ọ̀mù tó kéré, ọwọ́ ògiri ò tó o. Bó bá bọ́ra, ìhòòhò ló máa wà. Ó yáa dúró síta tòun ti agbádá rẹ̀. Mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni sódíọ́ọ̀mù. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀kùn tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ SS, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tọpa rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: György Gárdos, ará Hungary. Lọ́dún 1958 ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí kálísíọ́ọ̀mù bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, pọtásíọ́ọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde. Kálísíọ́ọ̀mù ni kọ́kọ́rọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ara rẹ̀ dá, kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú kéré débi pé ilẹ̀kùn Gárdos kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí.

Ẹ wá wo ti SS. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì hẹmoglóbínì, èròjà pupa tó ń ru afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara. Bí hẹmoglóbínì yìí bá ti já ẹrù afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á gùn bí ọ̀pá, wọ́n á na ara sẹ́ẹ̀lì síwá sẹ́yìn títí sẹ́ẹ̀lì tó rí roboto á fi tẹ̀ bíi dòjé. Ara sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n nà báyìí á jò díẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù tó wà níta á yọ́ wọlé. Kọ́kọ́rọ́ ti dé ojú ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí, pọtásíọ́ọ̀mù jáde, omi tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Bí omi bá ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni hẹmoglóbínì tó kù sínú á máa ki sí i, bí ẹ̀kọ tí omi rẹ̀ ń fà lórí iná. Bí wọ́n bá sì ṣe ki sí i ni wọ́n ṣe ń tètè lẹ̀ pọ̀ sí. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o. Kí ó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀nba péré, àkókò tí ì bá gbà kó tó lẹ̀ á já wálẹ̀ lọ́nà tó ń bani lẹ́rù. Sẹ́ẹ̀lì tí ì bá ti gba inú iṣan tóóró kọjá, tí ì bá ti padà dé ẹ̀dọ̀fóró lọ gba afẹ́fẹ́ míì kó tó yí, inú iṣan tóóró yẹn gan-an ló máa yí sí. Á há síbẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kọ lù ú. Afẹ́fẹ́ tó kù níbẹ̀ á tán, òmíràn á tún yí, kálísíọ́ọ̀mù á tún wọlé, ilẹ̀kùn á tún ṣí. Ohun tí à ń pè ní kíráìsìsì nìyẹn, ní ojúgun, ní ẹ̀yìn, ní àyà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tèmi ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti àbúrò mi, 10 sí 20 ọjọ́.

Ṣé ẹ ti wá rí i? Àbúrò mi mu omi. Omi náà dé inú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni kò lè di tirẹ̀ mú, torí ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí, inú ló ti ṣí i. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó ní SS má mumi o. Omi tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á dín kíki iyọ̀ ìta kù, á sì jẹ́ kí díẹ̀ nínú omi náà lè padà wọ sẹ́ẹ̀lì. Ẹ mu ún. Ohun tí mò ń sọ ni pé téèyàn bá ń pọnmi sínú ìkòkò tó ń jò, tí ìkòkò ò kún, ẹ má sọ fún un pé kò pọnmi.

Ilẹ̀kùn Gárdos nìkan sì kọ́ ni omi ń bá lọ. Kíndìnrín wà ńbẹ̀. Àárín kíndìnrín níyọ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kéré, bí ẹni pé wọ́n dìídì kọ́ ilé kan fún sẹ́ẹ̀lì SS láti yí sí ni. Láti kékeré ni ibẹ̀ ti ń bàjẹ́. Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti fa omi padà lára ìtọ̀ kó má baà ṣòfò. Kíndìnrín ẹlẹ́jẹ̀ SS kì í lè ṣe é dáadáa. Ìtọ̀ á pọ̀, á funfun, á máa wá léraléra.

Àbúrò mi tọ̀ sórí ẹní títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mo rántí ẹní ràfíà aláwọ̀ ewé yẹn, bí ìyá mi ṣe máa ń gbé e jáde sórí okùn láàárọ̀ kùtùkùtù kí àwọn ará ilé tó jí, bí àwọn ọmọ onílé ṣe máa ń jí ṣáájú rẹ̀ láti wá kọrin. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan, ó fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn, ó ní òun mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, omi tán. Ó gbé kọ́ọ̀pù sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é. Ẹní ṣì ń tutù láàárọ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kejì náà la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó wú bí búrẹ́dì. Dókítà bèèrè pé, "Ṣé ó ń mu omi?" Gbogbo wa dákẹ́.

Nílé, wọ́n ń nà án torí ó ń tọ̀. Lọ́sibítù, wọ́n ń bú u torí kò mumi.

Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló ń ṣiṣẹ́ ibi yìí, ǹjẹ́ a ò lè tì í? Àwọn kan ti bèèrè rí. Oró àkeekèé aṣálẹ̀ kan wà tó ń dí ilẹ̀kùn Gárdos pa, ó sì ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ púpọ̀ láti dá ilẹ̀kùn náà mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni máa gbé oró àkeekèé fún aláìsàn? Ohun tí wọ́n wá rí lẹ́yìn náà ni mo kà lóru ọjọ́ kan tí mo dìde jókòó.

Clotrimazole.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra oògùn lọ́wọ́ mi, ẹ mọ̀ ọ́n. Kírìmù làpálàpá ni. Túùbù kékeré tí mo tò sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ńtólátọ́ọ̀mù, tí àwọn ìyá ọmọ iléèwé ń rà fún orí ọmọ wọn, tí àwọn ọlọ́kadà ń rà fún àárín ìka ẹsẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò ta á. Ní ọdún 1990 sí òkè, Carlo Brugnara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston rí i pé clotrimazole ń ti ilẹ̀kùn Gárdos. Lọ́dún 1996, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lára èèyàn márùn-ún tó ní SS, tí wọ́n fún ní clotrimazole gbé mì. Pọtásíọ́ọ̀mù dúró sínú sẹ́ẹ̀lì, omi dúró tì í, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ tán sì dín kù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi kírìmù yìí jẹ búrẹ́dì o. Mo mọ àwọn èèyàn wa. Bí wọ́n ṣe ń mú ìwọ̀n oògùn náà lọ sókè ló bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀dọ̀ láàmú, ìtọ̀ sì ń ta àwọn tó ń lò ó. Apá kan wà lára oògùn náà tó fẹ́ràn láti máa bá ẹ̀dọ̀ fa wàhálà, apá yẹn sì kọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì gé e kúrò, wọ́n tún un ṣe títí wọ́n fi rí òmíràn tó ń ti ilẹ̀kùn Gárdos láìyọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Senicapoc ni wọ́n pè é.

Èèyàn 289 ni wọ́n kó jọ fún ìdánwò ńlá tó gbẹ̀yìn. Àwọn kan ń lo senicapoc, àwọn yòókù ń lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Oògùn náà ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an: ilẹ̀kùn tì, omi dúró, sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ dín kù, ẹ̀jẹ̀ gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka iye ìgbà tí kíráìsìsì gbé wọn, kò dín kù. Lọ́dún 2007 wọ́n dá a dúró kó tó parí, wọ́n sì gbé oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo bínú lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀ dé. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Àwọn onímọ̀ kan ṣàlàyé pé bí sẹ́ẹ̀lì SS bá pẹ́ láyé, ẹ̀jẹ̀ náà á pọ̀, á sì ki, kò ní lè ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tí a fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, a ti fi ọwọ́ òsì san án. Ó bọ́gbọ́n mu. Voxelotor, oògùn SS míì, náà tún wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn rẹ̀: òun náà ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2024, torí ìròyìn kíráìsìsì àti ikú láàárín àwọn tó ń lò ó. PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, tó gòkè kì í ṣe ìrora tó lọ. Àbúrò mi, tí PCV rẹ̀ kì í ju 24 lọ nígbà tí ara rẹ̀ bá le jù, ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi ni mi ò gbọ́.

Síbẹ̀ mi ò gbà pé wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà tí kò lójú. Ilẹ̀kùn náà wà. Lọ́dún 2015, wọ́n rí àwọn ìdílé kan tí kò ní SS rárá, ṣùgbọ́n tí jíìnì ilẹ̀kùn Gárdos fúnra rẹ̀, KCNN4, ní àléébù: ilẹ̀kùn wọn ń ṣí ní àṣejù, omi inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn ń gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ń dín kù lára wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún irú àwọn wọ̀nyẹn pé omi ni wọn ò mu.

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ nípa ilẹ̀kùn yìí, ṣọ́ọ̀bù mi ò rí bákan náà lójú mi mọ́. Ẹ wo Daonil, oògùn àtọ̀gbẹ. Ìyá mi lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí dókítà tó pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ínsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ilẹ̀kùn pọtásíọ́ọ̀mù kan wà tó máa ń wà ní ṣíṣí nígbà tí ebi bá ń pani. Téèyàn bá jẹun, ṣúgà á wọlé, á di agbára, agbára yẹn á ti ilẹ̀kùn pa, sẹ́ẹ̀lì á ta jí, á tú ínsúlínì jáde. Ṣe ni Daonil máa ń lọ ti ilẹ̀kùn náà pa fúnra rẹ̀, kò ní bèèrè bóyá oúnjẹ ti dé. Ìyá mi lo tirẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan lójúlé kejì, ó ní òun á jẹun tóun bá débẹ̀. Àwọn alásè pẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé àmàlà dé, òógùn ti bo ìyá mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi orúkọ àbúrò mi pè mí.

Ilẹ̀kùn kan náà yìí ló sì gba àwọn ọmọ kan là. Lọ́dún 2004, àwọn dókítà ní Exeter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé lára àwọn ìkókó tí àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn wọn ni kò lè tì. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni wọ́n rò pé wọ́n á máa gún títí ayé. Wọ́n gbìyànjú oògùn oníhóró, irú Daonil yìí gan-an. Nínú 49 tí wọ́n ròyìn lọ́dún 2006, 44 ló bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Hóró oògùn tí mò ń kà sínú ọ̀rá fún àwọn ìyá àgbà!

Lórí pẹpẹ mi lókè, àyè kan wà tí Halfan ìbá wà ká ní mo ti ní ṣọ́ọ̀bù láyé ìgbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà diẹ̀ á rántí rẹ̀, oògùn ibà fún àwọn tí Kolorokúùnì ń yún lára. Bàbá mi kì í lo òmíràn. Ilẹ̀kùn pọtásíọ́ọ̀mù inú ọkàn ló ń dí. Ilẹ̀kùn yẹn ló ń jẹ́ kí ọkàn sinmi lẹ́yìn tó bá ti lù lẹ́ẹ̀kan kó tó tún lù. Bí kò bá ṣí dáadáa, ìsinmi á falẹ̀, ìlù ọkàn lè dàrú lójijì, ẹni tó ń rìn lè ṣubú. Lọ́dún 1993 ni àwọn dókítà tó ń tọ́jú ibà ní ààlà Thailand fi ìkìlọ̀ nípa Halfan àti ọkàn jáde. Nígbà tí mo kà á, mo pe bàbá mi lórí fóònù kí n kàn gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ìyá ọmọ kan wọlé pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó tó ọdún méje, ẹyinjú ọmọ náà pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú. Fólíìkì ló fẹ́ rà. Mo kà á fún un. Nígbà tó ń san owó, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ṣé ẹ ní oògùn tí ọmọ á lò tí ò ní tọ̀ sórí ẹní mọ́? Mi ò fún un lómi mọ́ láti ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ ó ń tọ̀." Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

Mo bèèrè jẹ́nótáìpù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fólíìkì ọwọ́ rẹ̀ àti ojú ọmọ náà ti dá mi lóhùn. SS ni. Mo fà ìjókòó fún un. Mo sọ ti ìgbín àti iyọ̀ fún un, mo sọ ti kíndìnrín, mo ní ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ìtọ̀ rẹ̀ ń yára kún ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kó máa jí i lóru lẹ́ẹ̀kan kó lọ tọ̀, kó sì má fi òùngbẹ jẹ ẹ́ níyà mọ́. Obìnrin náà ò sọ nǹkan kan. Ó ń fi ọwọ́ ra orí ọmọ náà, ó ń ra á, ó ń ra á.

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ìgbín yẹn máa ń sunkún?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo mú píọ̀ wọ́tà kan jáde nínú fíríìjì, mi ò fún un, torí òtútù kì í bá wọn lára mu. Mo lọ mú èyí tí kò tutù ní ìdí káńtà. Ó fi eyín já igun rẹ̀, ó mu ún tán láì sinmi, ó sì bi mí bóyá òmíràn wà. Mo ní ó wà. Mo sì fi ọ̀nà ilé ìtọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù hàn án.